Yíyẹ áàpù wò kí a tó gbé e sórí fóònù

Yíyẹ áàpù wò ni kí ẹni tó fẹ́ lo áàpù kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti wá, ẹni tó ṣe é, àti ohun tó ń tọrọ àyè láti rí nínú fóònù. Lórí Android, Google Play ni ọ̀pọ̀ ti ń gba áàpù. Àwọn mìíràn ń gba APK, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí Android, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí Android 6.0 tó dé ní 2015, gbogbo àyè tí áàpù bá tọrọ la ó fún un lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, fóònù ń bi wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì lè kọ̀.

Áàpù ayánilówó ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti tẹrú-tọmọ ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wọn ń kó orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù kí wọ́n tó yáni lówó. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò wọlé, wọn a kọ̀wé sí ọ̀gá níbi iṣẹ́, sí àna, sí ará ṣọ́ọ̀ṣì, pé oníjìbìtì ni lágbájá. Ẹni tí kò yá kọ́bọ̀ náà ń jẹ nínú ìyà yìí, ó sì burú jọjọ. A lè gba àyè náà padà nínú Settings, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n ti kó lọ ti lọ nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Lending lórí irú ìwà yìí. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Ó yẹ kí á wo orúkọ wọn lórí ìkànnì àjọ náà ká tó yá ohunkóhun. Láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2023, Google kọ̀ fún áàpù ayánilówó láti wo nọ́ńbà àti fọ́tò. Àmọ́ òfin yẹn kò mú èyí tí a gbà ní APK.

Lójú ewé áàpù lórí Google Play, tẹ «About this app», kí o sì lọ sísàlẹ̀ dé «App permissions». Bí áàpù tọ́ọ̀ṣì bá ń tọrọ àyè láti ka SMS, fi í sílẹ̀: inú SMS ni OTP, nọ́ńbà àṣírí ìgbà kan tí báńkì ń fi ránṣẹ́, ń wọlé sí. Àyè tó lágbára jù ni Accessibility, tó lè jẹ́ kí áàpù ka ojú fóònù, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.

Lórí iPhone, App Store nìkan ni ọ̀nà láti gba áàpù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá Google Play nìkan ló yẹ ká fọkàn tán. Google sọ ní 2025 pé áàpù burúkú tí àwọn rí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ju ti Google Play lọ ní ìlọ́po 50. Síbẹ̀, léraléra ni wọ́n ti rí Joker, áàpù burúkú kan, nínú Google Play fúnra rẹ̀, F-Droid, ibi ìgba-áàpù kan tó wà níta Google Play, sì ń pín áàpù tí ẹnikẹ́ni lè yẹ kóòdù rẹ̀ wò.