Àwọn Ọmọ Alpha àti Orin Ska

Ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, ní bíi ọdún 1955, ẹni tí kò lówó àtiwọ gbọ̀ngàn ijó àwọn olówó, ìta gbangba ló ń lọ, níbi tí wọ́n bá to ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá sí. Duke Reid, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ tó di ọlọ́tí, ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Clement Dodd, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Coxsone, ní tirẹ̀. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àgàgà ti New Orleans, ni wọ́n ń gbé sí i, ẹni tó bá sì ní àwo tí ẹnìkejì kò ní ló ń kó èrò lọ. Ìdí nìyẹn tí Coxsone fi ń ha bébà àárín àwo kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ orúkọ orin. Ó sọ èyí tí Willis Jackson fọn ní "Coxsone Hop", ó sì fi í jẹ gàba lórí àwọn yòókù. Reid wá àwo náà títí ó fi rí i, ló bá gbé e sí i níṣojú gbogbo èèyàn.

Nígbà tó yá, àwọn ará Amẹ́ríkà yí sí rock 'n' roll, irú orin tí oníjó Kingston ń fẹ́ sì di ọ̀wọ́n. Ni wọ́n bá wọ sítúdíò láti ṣe tiwọn. "Easy Snappin'" ti Theophilus Beckford, tó jáde ní 1959, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan tuntun ń bọ̀, èyí tí wọ́n wá ń pè ní ska. Olórin Prince Buster ní tirẹ̀ kó àwọn onílù ẹlẹ́sìn Rasta ti Count Ossie wá lulù sínú "Oh Carolina", nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ìlú kò fẹ́ rí Rasta sójú rárá.

Kí ló mú kí ska dá yàtọ̀? Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kí ẹ sì máa fẹsẹ̀ lulẹ̀ sí i. Gìtá kì í dún nígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gbéra ló ń dún, ṣáṣá, a sì gé e kúrú lójú ẹsẹ̀. Dùùrù ń bá a tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Béèsì ní tirẹ̀ ń rìn lọ geere lórí gbogbo iye, ìlù ń kan èjì àti ẹ̀rin, àwọn onífèrè sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn onífèrè yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí. Ilé ẹ̀kọ́ Alpha, tí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ń darí, ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde. Ọmọ òrukàn àti ọmọ tí apá òbí kò ká ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní fèrè fífọn. Sísítà Mary Ignatius, tó wà níbẹ̀ láti 1939 títí ó fi kú ní 2003, kó àwo orin jọ rẹpẹtẹ, ó sì ń gbé wọn sí i fún àwọn ọmọ. Tommy McCook, Johnny Moore, Lester Sterling àti Don Drummond, ọmọ Alpha ni gbogbo wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wà nínú Skatalites, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964, ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira Jàmáíkà, tó sì túká ní 1965.

Trombone ni Drummond ń fọn, kò sì sí ẹni tó fi ìbànújẹ́ sínú orin ijó bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 1965 ó pa Anita Mahfood, tí wọ́n ń pè ní Margarita, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Oníjó tó lókìkí ni Margarita, ó sì kọ orin tirẹ̀, "Woman A Come". Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yin Drummond kó fo ọ̀rọ̀ Margarita dá. Wọ́n fi Drummond sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Bellevue, ibẹ̀ ló kú sí ní 1969.

Ní 1964 kan náà, akọrin ọmọ Jàmáíkà, Millie Small, gbé "My Boy Lollipop" jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, orin náà sì dé ipò kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Nílé ní Jàmáíkà, ska rọ ẹsẹ̀ ní 1966, ó di rocksteady, lẹ́yìn náà ó di reggae.

Ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ska ti tún jí ní 1979, nígbà tí Jerry Dammers dá ilé iṣẹ́ àwo orin 2 Tone sílẹ̀, tí dúdú àti funfun jọ ń ṣeré lórí ìtàgé kan. Pauline Black, akọrin The Selecter, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ 2 Tone, ọmọ Yorùbá ni bàbá tó bí i. Ẹgbẹ́ The Specials tún "A Message to You, Rudy" ti Dandy Livingstone kọ, wọ́n sì lọ pe Rico Rodriguez wá fọn trombone sí i. Rico yìí kan náà ló fọn ti àkọ́kọ́ ní 1967. Ọmọ Alpha ni, Drummond ló sì kọ́ ọ.