Àlọ àti Àbọ̀ nínú Ihò Tín-ín-tín: Ìtàn Ìdọ́gba Kelvin láti 1871 títí di 2020

Ètò tí ìtàn yìí sábà máa ń gbà nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ kò ṣòro: Kelvin gbé ìdọ́gba kan kalẹ̀ ní 1871, ìdọ́gba náà kò ṣeé gbára lé mọ́ nígbà tí ihò kéré jù, ìṣirò orí kọ̀ǹpútà sì gba ipò rẹ̀. Aáyan yìí kò fara mọ́ ètò náà. Ìdọ́gba yẹn kọ́ ni gbòǹgbò awuyewuye. Gbòǹgbò rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ohun olómi ń gbà kún inú ihò tín-ín-tín yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ó ń gbà gbẹ kúrò níbẹ̀, tí ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ èwo nínú àlọ àti àbọ̀ ni ó yẹ ní gbígbà gbọ́.

William Thomson, ẹni tí ó di Lord Kelvin ní 1892, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Glasgow nígbà tí ó tẹ ìwé kúkúrú náà jáde. Ó ṣàlàyé pé bí ojú omi bá tẹ̀ wọnú bí inú igbá, ìfúnpá oru tí ó bá a dọ́gba kéré sí ti ojú omi tí ó tẹ́jú. Nítorí náà, oru lè di omi nínú ihò kékeré nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta kò tíì lọ́rinrin tó láti sẹ ìrì. Àpẹẹrẹ tí ó lò kò jìnnà sí ilé ìdáná: aṣọ òwú àti ìyẹ̀fun ọkà óòtù tí í máa di ọ̀rinrin mú. Ẹni tí ó bá ti ṣí gaàrí sílẹ̀ rí lásìkò òjò mọ irú ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ìdọ́gba tí à ń tẹ̀ sínú ìwé lónìí kì í ṣe bí Kelvin ti kọ ọ́. Robert von Helmholtz ni ó tò ó báyìí ní Jámánì ní 1885.

Ní ìwọ̀n ìgbóná 25°C, bí ojú omi tí ó tẹ̀ bí igbá bá jẹ́ nánómítà 10 láti àárín dé etí, ìdọ́gba náà sọ pé oru yóò di omi nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ bá tó nǹkan bí 0.90 ìfúnpá tí ojú omi títẹ́jú ń béèrè. Bí ó bá jẹ́ nánómítà 1, nǹkan bí 0.35 ti tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni mólékù omi kan fẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 0.3. Mólékù mẹ́ta péré ni yóò tò láti àárín dé etí. Ǹjẹ́ irú ìyẹn tún ṣeé pè ní ojú omi?

Ìbéèrè yìí kọ́ ni ó kọ́kọ́ dá àwọn onímọ̀ láàmú. Ní àwọn ọdún 1890, van Bemmelen ní ilẹ̀ Hólándì ń fa omi jáde nínú silica gel, ó sì ń dá a padà sínú rẹ̀. Ó rí i pé ìlà méjèèjì kò bára mu. Zsigmondy fi ìdọ́gba Kelvin túmọ̀ rẹ̀ ní 1911. McBain, ní 1935, di ẹ̀bi ru ihò tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ sì há bíi ti kèrègbè. Àlàyé Cohan ní 1938 ni ó jinlẹ̀ jù. Nígbà tí ihò gbọọrọ kan bá ń kún, omi ń lẹ̀ mọ́ ògiri yípo, ojú rẹ̀ sì rí bí inú páìpù. Nígbà tí ó bá ń gbẹ, ẹnu ihò ni omi ti ń fà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì rí bí inú igbá. Páìpù tẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Igbá tẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Bí a bá fojú fo sísanra omi ara ògiri dá, ihò tí ó kún ní 0.80 kò ní gbẹ títí ìfúnpá yóò fi wálẹ̀ dé 0.64.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn orí tábìlì lásán. Láti 1951 ni ọ̀nà ìṣirò Barrett, Joyner àti Halenda ti sọ ìlà wọ̀nyí di òṣùwọ̀n ihò, tí àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń fi í díwọ̀n àwọn ohun tí wọ́n fi ń fọ epo rọ̀bì. Ẹni tí ó bá lo ìlà àlọ gba iye kan. Ẹni tí ó bá lo ìlà àbọ̀ gba òmíràn. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé fún àwọn ihò tí kò fẹ̀ tó nánómítà 10, òṣùwọ̀n náà lè fi nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín fífẹ̀ wọn kù.

Ní Bristol, ní àárín àwọn ọdún 1980, Evans, Marconi àti Tarazona pa yíya ojú omi tì. Wọ́n ṣírò bí mólékù ti pọ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan láti ògiri dé ògiri. Irú ìṣirò yìí ni ó wá fi hàn pé, nínú ihò gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ ṣí, àlọ ni ó máa ń pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, tí àbọ̀ sì súnmọ́ ìdọ́gba tòótọ́. Ó tún fi hàn pé ìwọ̀n ìgbóná tí ìyàtọ̀ olómi àti gáàsì ti ń parẹ́ máa ń wálẹ̀ nínú ihò tóóró. Àwọn ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nígbà náà kò dára tó láti dán èyí wò, nítorí ihò inú wọn rí wúruwùru. Ní 1992 ni àwọn oníṣẹ́ Mobil ní Amẹ́ríkà kéde MCM-41, tí ihò rẹ̀ gún, tí wọ́n sì dọ́gba bí afárá oyin. Nínú èyí tí ihò rẹ̀ kò tó nǹkan bí nánómítà 4, àlọ àti àbọ̀ náítírójìn di ìlà kan ṣoṣo ní -196°C. Kò pọn dandan kí ìyẹn túmọ̀ sí pé olómi àti gáàsì ti di ọ̀kan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdènà tí ń dá àlọ dúró ni ó ti kéré jù.

Kelvin ńkọ́? Ní 1979, Fisher àti Israelachvili fi cyclohexane láàárín ojú máíkà méjì dán ìdọ́gba rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé kò yẹ̀ títí dé nǹkan bí nánómítà 4. Ní 2020, Geim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester fi máíkà àti gráfáìtì ṣe àlàfo tí gíga rẹ̀ kò tó nánómítà 0.4, tí ìpele mólékù omi kan ṣoṣo lè gbà. Ìdọ́gba náà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí wọ́n rí mu. Ohun tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ kò sí nínú ìwé 1871 rárá: ògiri àlàfo náà ń tẹ̀ díẹ̀ láti fi ara mọ́ omi inú rẹ̀, ìyẹn ni ó sì pa mìmì ńlá tí wọ́n ń retí láti ọ̀dọ̀ mólékù kọ̀ọ̀kan.