Rambus: Onílẹ̀ Tí Kò Ní Oko

Púpọ̀ nínú wa ló ń ra ṣíà ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà lórí fóònù báyìí, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ṣíà tí mo kọ́kọ́ rà, mi ò mọ ibi tí owó ti ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà. Mo kàn rí i pé iye rẹ̀ ń lọ sókè, ni mo bá rà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Rambus fún yín lónìí.

Ọdún 1990 ni Mike Farmwald àti Mark Horowitz dá a sílẹ̀ ní California. Nígbà yẹn, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń yára ju chip ìrántí rẹ̀ lọ, ó sì ń dúró dè é bí ọkọ̀ tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn méjèèjì hùmọ̀ ọ̀nà tí chip ìrántí yóò fi yára. Àmọ́ wọn ò kọ́ fakitọ́rì. Wọ́n gba patent lórí ọgbọ́n wọn, kí àwọn tó ń ṣe chip lè máa sanwó fún wọn, bí àgbẹ̀ ṣe ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀.

Ní 1997, ṣíà wọn bọ́ sọ́jà ní dọ́là 12. Nintendo 64 ti ń lo ọgbọ́n wọn, Intel náà sì ti fọwọ́ sí i. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùdókòwò kan gbà pé gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ni yóò san ìṣákọ́lẹ̀ fún Rambus. Àwọn mìíràn ní chip náà ti wọ́n jù, àti pé bí àwọn àgbẹ̀ bá kọ̀ tí wọn ò san, kí ló kù fún onílẹ̀ tí kò ní oko?

Ní 2000, ṣíà náà gòkè débi pé wọ́n pín ẹyọ kan sí mẹ́rin. Àwọn àgbẹ̀ sì kọ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní oṣù Karùn-ún 2001, nínú ẹjọ́ Rambus àti Infineon ní Virginia, wọ́n ní Rambus ṣe jìbìtì: ó jókòó sí ìpàdé JEDEC, níbi tí àwọn aṣe-chip ti ń fẹnu kò, ó sì fi ọ̀rọ̀ patent rẹ̀ pamọ́. Intel náà yẹra. Ní 2003, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí ẹjọ́ jìbìtì náà dànù. Ní 2010, Samsung bá wọn ṣe àdéhùn 900 mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kọkànlá 2011, wọ́n pàdánù ẹjọ́ wọn pẹ̀lú Micron àti Hynix, ṣíà náà sì pàdánù ju ìdajì iye rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ta ló wá jàre? Ó kù sí ọjọ́ tí o rà á. Chip ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, ẹnu adájọ́ ni owó wọn wà. Rambus ṣì wà láyé, ó tilẹ̀ ti ń ta chip tirẹ̀ báyìí. Èmi, kí n tó ra ṣíà mìíràn, mo máa ń bi ara mi pé: ta ló ń sanwó fún ilé-iṣẹ́ yìí, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ̀? Ẹ̀yin náà, ẹ bi ara yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.