Ìdínà Fóònù Kò Sí Nínú Fóònù

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń gbé ní Britain ló gbà pé bí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì bá dínà mọ́ fóònù, inú fóònù náà ni ìdínà ọ̀hún wà, pé ẹnjiníà tó bá mọṣẹ́ á tú u. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni fóònù tí nẹ́tíwọ̀kì kan tì mọ́ síìmù tirẹ̀ nìkan. Ọ̀tọ̀ ni iPhone tó ń béèrè Apple Account (tí wọ́n ń pè ní Apple ID tẹ́lẹ̀) ẹni tó lò ó ṣáájú. Ọ̀tọ̀ sì ni fóònù tí wọ́n kọ nọ́ḿbà IMEI rẹ̀ sílẹ̀ pé ó sọnù tàbí pé wọ́n jí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Nọ́ḿbà 15 ló wà nínú IMEI. Ẹni tó bá tẹ *#06# á rí i. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ń sọ irú fóònù tó jẹ́, mẹ́fà tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti fóònù yẹn nìkan, èyí tó gbẹ̀yìn sì wà láti fi mọ̀ bóyá ẹni tó ń kọ ọ́ ṣì í kọ. Bí fóònù bá fẹ́ wọ orí nẹ́tíwọ̀kì, nẹ́tíwọ̀kì á wo nọ́ḿbà yìí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá bá a láàárín àwọn tí wọ́n kọ̀, kò ní gbà á wọlé. Àwọn nẹ́tíwọ̀kì Britain sì jọ ń lo àkọsílẹ̀ yìí ni, tó fi jẹ́ pé fóònù tí EE dínà mọ́ kò ní ṣiṣẹ́ lórí O2 tàbí Vodafone. Fóònù ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò ṣàìsàn: á tàn, á ya fọ́tò, á sì máa lo Wi-Fi.

Nítorí náà, ẹni tó ń pààrọ̀ síìmù, tó ń pa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́, tàbí tó ń sanwó kí wọ́n bá òun ṣí i, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹnjiníà lè gbà ni kó yí IMEI náà padà, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀. Òfin tí Britain ṣe ní 2002 lórí ọ̀rọ̀ yìí, Mobile Telephones (Re-programming) Act, sọ pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 5. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù, tàbí ẹni tó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ní kíkọ sílẹ̀, nìkan ni òfin náà yọ̀ǹda fún. Kò sọ pé ẹni tí wọ́n ṣèèṣì dínà mọ́ fóònù rẹ̀ lè ṣe é.

Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn lọ máa bá nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ jà. Ilé-iṣẹ́ tó kọ nọ́ḿbà náà sílẹ̀ ló lè pa á rẹ́. Àwọn yòókù kàn ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n rí ni. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ ni pé: ta ló kọ ọ́, kí ló sì fà á? Ohun tó ń fà á pọ̀. Ẹnì kan lè fi síìmù rẹ̀ sínú fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá wá sọ pé fóònù òun sọnù, ó lè jẹ́ IMEI fóònù tí síìmù náà lò gbẹ̀yìn ni nẹ́tíwọ̀kì á mú, kí fóònù ọ̀rẹ́ sì fara gbá a. Ẹlòmíràn rí fóònù rẹ̀, kò sì padà lọ sọ. Àwọn kan sì wà tó ń ta fóònù tán, tí wọ́n á tún sọ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò pé wọ́n jí i.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí i gbọ́dọ̀ mú rìsíìtì dání, pẹ̀lú ẹ̀rí pé òun ló ni fóònù náà. Bí fóònù náà bá jẹ́ oní-síìmù-méjì, IMEI méjì ló ní. Kó kọ méjèèjì, torí ṣíṣí ọ̀kan kò ṣí èkejì. Bí wọ́n bá gbà láti ṣí i, ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn nẹ́tíwọ̀kì yòókù.

Àwọn mìíràn á ní ẹ jẹ́ ká fi í ránṣẹ́ sílé, ṣebí á ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ó lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́, nítorí nẹ́tíwọ̀kì orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu àkọsílẹ̀ tí yóò máa wò. Ṣùgbọ́n orúkọ olè ṣì wà lára fóònù náà ní London, kò sì tíì sẹ́ni tó pa á rẹ́.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ ti rà á, ẹ má tíì lọ bá nẹ́tíwọ̀kì kankan. Consumer Rights Act ti 2015 fún ẹni tó ra ọjà tí kò dára láǹfààní láti dá a padà láàárín ọjọ́ 30, kó sì gba owó rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ló tà á. Òun ni kó lọ máa wá ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.