Kànga ilé tó ti pẹ́: ṣé kí ẹ tún un ṣe ni, àbí kí ẹ gbẹ́ òmíràn?

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa, láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹta, ni kànga máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sí i, korobá á sì máa gbé ẹrẹ̀ bọ̀ lókè. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ má tíì náwó o. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí wàhálà wà: ṣé omi ló dín kù, ṣé ara kànga ló ń bàjẹ́, àbí omi gan-an ni kò dára mọ́?

Tó bá jẹ́ pé omi ló dín kù, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wọn omi náà lálẹ́, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti pọn tán, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Tó bá ti gòkè padà dáadáa, ìsun rẹ̀ ṣì wà; ó lè jẹ́ pé ẹrẹ̀ ló kún ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o, kí wọ́n sì gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ká ṣe é, torí kànga tí wọ́n gbẹ́ lásìkò òjò lè gbẹ tí òjò bá ti lọ. Àmọ́ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkìtì, àpáta ló pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Tí dígà bá ti kan àpáta gidi, ẹ yáa ṣírò owó kànga ẹ̀rọ.

Tó bá jẹ́ ara kànga, ẹnu tó sán tàbí ìdérí tó ti jẹ kò le rárá: símẹ́ǹtì á tún un ṣe. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ ga kí àgbàrá má baà ṣàn wọlé. Ṣùgbọ́n tí ríìngì ìsàlẹ̀ bá ti yẹ̀, tí iyẹ̀pẹ̀ ń ya wọlé, ẹ má rán ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀. Òmíràn ni kí ẹ gbẹ́.

Tó bá jẹ́ omi ni kò dára, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ó yẹ kí ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga tó mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Lórí ilẹ̀ 60 sí 120, ìyẹn kì í rọrùn, sọ́kàwéè aládùúgbò sì lè sún mọ́ kànga yín ju tiyín lọ. Kílórínì á pa kòkòrò tòní, àmọ́ tí ìdọ̀tí bá ṣì ń jò wọlé, òmíràn á dé lọ́la. Irú kànga bẹ́ẹ̀, àtúnṣe kò ràn án. Ẹ máa fi omi rẹ̀ fọ ilé, kí ẹ wá omi mímu síbòmíràn.

Ohun méjì ló kù. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú kànga tàbí sí ẹnu rẹ̀ nígbà tí èèyàn wà nínú. Èéfín rẹ̀ ń pani láì pariwo. Tí ẹnì kan bá dákú síbẹ̀, ẹ má sáré wọlé tẹ̀ lé e, ẹ pe àwọn panápaná. Èkejì: kànga tí ẹ bá pa tì kì í ṣe ààtàn. Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ dí i pa, torí omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí aládùúgbò yín ń mu.