dá … mọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ti inú rẹ̀ wá: ìdámọ̀, ìdánimọ̀.

1. Kí ènìyàn rí ohun kan, tàbí kí ó gbọ́ ìró rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé òun náà ni. Àbọ̀ a máa wà láàárín ẹ̀là méjèèjì: *Ó dá mi mọ̀. Wọn kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀.*

*Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá Ajah ní 2017, ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi lè dé oríta náà kí ó má dá a mọ̀.*

Ọ̀rọ̀ yìí àti *mọ̀* kì í ṣe ọ̀kan náà. *Máìgádì ẹ́sítéètì náà dá ọkọ̀ pupa yẹn mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí ó ni ín.* Àmì ni ìdámọ̀ ń wò. Kò di dandan kí ó mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn àmì. Orí ìyàtọ̀ yìí ni ìlò kejì dúró lé.

2. (Ìmọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè) Kí ẹ́ńsáìmù so mọ́ ohun tí ìrísí tàbí àmì ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

*Ẹ́ńsáìmù yìí dá tRNA alanine mọ̀ láàárín gbogbo tRNA yòókù.*

tRNA ni ó ń gbé ásíìdì àmínò lọ sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń hun purotéènì. Okùn tín-ín-rín ni, tí lẹ́tà ara rẹ̀ tó bí 76, tí ó ká mọ́ra títí ó fi rí bí L. Ẹrù máa ń wà ní ìpẹ̀kun kan. Ní ìpẹ̀kun kejì ni àńtíkódónù wà, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta tí ó ń ka iṣẹ́ tí jíìnì rán. Gbogbo tRNA ló jọra bí ìbejì, síbẹ̀ ẹ́ńsáìmù tí ń dì wọ́n lẹ́rù kò gbọdọ̀ ṣì wọ́n mú, nítorí ẹrù tí kò tọ́ a máa ba purotéènì jẹ́.

Ènìyàn ìbá rò pé àńtíkódónù ni gbogbo ẹ́ńsáìmù ń wò. Ọ̀pọ̀ ń wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ní 1988, Ya-Ming Hou àti Paul Schimmel fi hàn pé nínú bakitéríà *Escherichia coli*, G ní ipò 3 tí ó dojú kọ U ní ipò 70 ni olórí àmì tí ẹ́ńsáìmù alanine ń wá. Nígbà tí wọ́n fi àmì náà sára tRNA cysteine àti ti phenylalanine, ẹ́ńsáìmù alanine gbà wọ́n bí ọmọ tirẹ̀. Ìdámọ̀ bí ti ilà ojú nìyí: ẹni tí ó bá kọ ilà ìdílé kan, ọmọ ìdílé náà ni wọ́n ń pè é.

Ti RNase P yàtọ̀. Òun ni ó ń gé àjẹkù kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ tRNA tí kò tíì pé, bí apá okùn náà ṣe gùn àti bí ó ṣe tẹ̀ ni ó sì ń wò jù. Ìrìn ni ó fi ń dá a mọ̀, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àmì tún lè yí padà lójú ọ̀nà. tRNA isoleucine kan wà nínú *E. coli* tí àńtíkódónù rẹ̀ jẹ́ CAU, èyí tí ó jẹ́ ti methionine. Ẹ́ńsáìmù methionine ni ìbá gbà á, àyàfi bí ẹ́ńsáìmù TilS bá kọ́kọ́ tún C náà ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ti isoleucine tó dá a mọ̀.

Àkíyèsí ìlò. (i) *Ìdánimọ̀* ní *ẹni* nínú: káàdì ìdánimọ̀ ni, nítorí ènìyàn ni ó ń fi hàn. Fún tRNA àti ẹ̀yà ara sẹ́ẹ̀lì, *ìdámọ̀* ni ó yẹ. Àwọn kan ń kọ *ìdánimọ̀ tRNA*. Ó ń dá etí lóró.

(ii) Mupirocin ni ìpara tí wọ́n ń fi sójú egbò tí bakitéríà bá wọ̀. Àṣìṣe ni láti kọ pé *mupirocin kò jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù dá tRNA mọ̀*. Àyè tí isoleucine yẹ kí ó jókòó sí ni oògùn náà jókòó sí. Ẹ́ńsáìmù ṣì lè dá tRNA rẹ̀ mọ̀. Ẹrù tí yóò dì lé e ni kò sí, iṣẹ́ purotéènì bakitéríà a sì dúró. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti gírámà lásán. Bakitéríà tí ó bá ní jíìnì *mupA* ń ṣe ẹ́ńsáìmù isoleucine kejì, èyí tí oògùn náà kò rí àyè jókòó sí dáadáa, tí ó sì ń dá tRNA mọ̀ bí ti àtijọ́. Ní 2009, A. O. Shittu, E. E. Udo àti J. Lin gbé ìwádìí jáde lórí *Staphylococcus aureus* tí mupirocin kò ràn mọ́ ní Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà. Nítorí náà: *Ìpara tí wọ́n rà ní Ajah kò ran egbò náà, bakitéríà ibẹ̀ ti ní ẹ́ńsáìmù mìíràn.* Kì í ṣe: *bakitéríà ibẹ̀ ti dá oògùn náà mọ̀.*

Tún wo: mọ̀, àmì, ìrísí, ilà.