Edé Pupa Lùìsíánà

Edé pupa Lùìsíánà (Procambarus clarkii) ń gbé inú irà, kòtò ẹ̀bá ọ̀nà àti oko ìrẹsì ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú omi tí kò níyọ̀. Kì í ṣe irú edé gbígbẹ tí à ń dà sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Èèpo ara rẹ̀ le, ó sì ní ọwọ́ méjì tó rí bí ẹ̀mú, tó fi ń gé ẹni. Ẹ̀yìn àyà rẹ̀ ni kí ẹ ti gbá a mú, torí ọwọ́ yẹn kì í débẹ̀.

Omi ló ń darí ayé rẹ̀. Bí irà bá gbẹ nígbà ooru, abo á gbẹ́ ihò wọ inú amọ̀, á so ẹyin mọ́ abẹ́ ìrù, á sì dúró títí omi yóò fi padà. Amọ̀ tó tì jáde á ga sókè lẹ́nu ihò. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí edé.

Àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ìpínlẹ̀ Lùìsíánà mọ ìwà yìí dáadáa. Wọ́n á da edé sínú oko ìrẹsì tó kún fómi, wọ́n á fa omi gbẹ kí wọ́n lè kórè, edé á wọlẹ̀. Bó bá di nǹkan bí oṣù kẹwàá, wọ́n á dá omi padà, edé á jáde tọmọtọmọ, wọ́n á sì dẹ ìgèrè oníwáyà fún un. Ọ̀dá òjò 2023 pa ọ̀pọ̀ sínú ihò, owó rẹ̀ sì fò sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló ń pọ̀ jù, ó sì ń bá ààwẹ̀ Lẹ́ńtì pàdé, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì. Láàyè ni wọ́n ń rà á, nínú àpò. Wọ́n á fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á sè é nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú iyọ̀, ata, ááyù, àlùbọ́sà, ànàmọ́ àti àgbàdo. Bó bá ti hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á paná, wọ́n á jẹ́ kó rẹ sínú omi ata náà. Ibi rírẹ yìí ni adùn wà: ẹni tó bá kánjú gbé e kalẹ̀, èèpo nìkan ni yóò ta á lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dà á sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sí, tẹbí tọ̀rẹ́ á sì rọ̀gbà yí i ká.

Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ di orí mú, ẹ di ìrù mú, ẹ lọ́ ọ, ẹ fà á yọ. Ẹ fa orí mu, torí ọ̀rá aláwọ̀ ìyeyè inú rẹ̀ ló dùn jù. Ẹ bó èèpo òkè ìrù, ẹ tẹ ìdí rẹ̀, ẹran á yọ jáde.

Ní 1959, ilé aṣòfin Lùìsíánà sọ ìlú Breaux Bridge di olú-ìlú edé yìí lágbàáyé. Wọ́n ti gbé edé náà dé Japan, Spain àti adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, níbi tó ti jẹ koríko omi run.

Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù o. Àwọn kan ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà tó jẹ edé odò láìsè kó aràn Paragonimus, tó ń gbé inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ sè é kó jinná dénú.